Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Fi Yàrá Kún Un

Mo rí i pé àwọn onílù ti ń na ìlù wọn wò, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí ìdúró.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè tún ilé wa ṣe àti bí a ṣe lè fi kún un ní Forest Hill níbí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo fẹ́ yá òwe náà lò lónìí: ilé là ń wò kí a tó fi yàrá kún un. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí èmi fúnra mi kò ṣe wo ilé tèmi.

Ilé wa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé bíríkì tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria, tí wọ́n so mọ́ra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn ọmọ ń dàgbà, kíṣìnì sì há. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì, níta, ojú ọ̀nà tóóró kan wà tí a ń kó kẹ̀kẹ́ àti garawa ìdọ̀tí sí. Mo ní àyè yẹn kò wúlò. A pe àwọn mọlémọlé, a fi ògiri àti òrùlé bò ó, kíṣìnì sì fẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń yìn ín.

Nígbà tí ìyá mi dé láti Abẹ́òkúta, yàrá àárín la fún wọn. Ní ọ̀sán gangan, wọ́n ní láti tan iná kí wọ́n tó lè ka Bíbélì. Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í rin, ó bu, ó di dúdú ní kọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan àbíkẹ́yìn mi bi mí pé, "Dádì, kí ló dé tó jẹ́ pé alẹ́ ni nígbà gbogbo nínú yàrá Màmá Àgbà?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bàbá rẹ ló fi ògiri di ojú ilé." Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Fèrèsé kan ṣoṣo tí yàrá náà ní, ojú ọ̀nà tóóró yẹn ló kọjú sí. Àyè tí mo pè ní aláìwúlò ni ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ń gbà wọlé.

Ó sì yẹ kí n mọ̀. Nínú agbo ilé àwọn bàbá wa, wọn kì í fi òrùlé bo gbogbo ilẹ̀. Wọ́n á fi àgbàlá sílẹ̀ láàárín, wọ́n á to yàrá yí i ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì wà níwájú yàrá. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìkòkò sí kí omi òjò lè kún un, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń ṣeré lójú àwọn àgbà. Àyè tí kò ní òrùlé yẹn ló ń jẹ́ kí ilé mí. Àwọn tó kọ́ ilé Forest Hill gbọ́n irú ọgbọ́n kan náà. Èmi ni mo di imú ilé pa.

A padà gé òrùlé tuntun náà, a fi fèrèsé gbọọrọ tó ṣeé ṣí sí i lókè, ní ọ̀gangan fèrèsé àtijọ́. A yọ ilẹ̀kùn pákó tó wà láàárín yàrá àti kíṣìnì, a fi onígíláàsì rọ́pò rẹ̀. Yàrá náà là. Ṣùgbọ́n owó méjì ni a ná sórí iṣẹ́ kan, nígbà tó jẹ́ pé ìlà díẹ̀ lórí bébà ni ìbá gbà wá.

Nítorí náà, kí á tó fọ́ ògiri, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́rin.

Èkíní: kí ni a ń wá gan-an? Nígbà mìíràn, yàrá kọ́ ni a nílò. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn kan nípò, tí a kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri, àyè lè yọ.

Èkejì: níbo ni ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn yóò máa gbà? Ẹ dúró nínú yàrá kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ wo ibi tí oòrùn ń dé. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ rántí ọbẹ̀ àti ẹ̀wà tí a ń sè. Bí ooru omi rẹ̀ kò bá rí ọ̀nà jáde, ara ògiri tútù ni yóò lọ bà lé, ògiri á sì bu. Ẹ fi fáànù tó ń fa ooru síta sínú kíṣìnì àti bálùwẹ̀.

Ẹ̀kẹta: kí ni ògiri yìí gbé? Ògiri tó wà láàárín ilé lè jẹ́ òun ló gbé ilẹ̀ yàrá òkè. Kí ẹnikẹ́ni má fọ́ ọ láìjẹ́ pé ẹnjiníà ti ṣírò irin tí yóò gba ipò rẹ̀. Ilẹ̀ wa níbí, amọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó máa ń sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó sì máa ń wú nígbà òjò, pàápàá níbi tí igi ńlá bá ti ń fa omi rẹ̀ mu. Ìdí nìyí tí ìpìlẹ̀ fi gbọ́dọ̀ jìn tó.

Ẹ̀kẹrin: ta ni ọ̀rọ̀ náà kàn? Aládùúgbò ni àkọ́kọ́. Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní ọdún 1996, Party Wall etc. Act, lórí ògiri tí àwa àti aládùúgbò jọ ní. Bí a bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lára irú ògiri bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ní oṣù méjì ṣáájú. Bí a bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ láàárín mítà 3 sí ilé rẹ̀, tí kòtò náà sì jìn ju ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ, oṣù kan ṣáájú ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìwé ṣáájú ẹnu. Ẹ kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ fi àwòrán hàn án. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráàyè wọ ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni káńsù, Lewisham fún wa níbí, Southwark fún àwọn ará Peckham. Ní England, bí ilé bá so mọ́ ti ẹlòmíràn, àfikún alájà kan lẹ́yìn ilé tí kò yọ ju mítà 3 lọ lè má gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé, bí ó bá pa àwọn òfin yòókù mọ́. Ṣùgbọ́n fúláàtì kò ní àǹfààní yẹn, òfin sì le jù ní àwọn àdúgbò tí wọ́n ń tọ́jú nítorí ìtàn wọn. Ẹ bi káńsù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá tilẹ̀ nílò ìwé àṣẹ, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ ìkọ́lé wò ṣì gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ náà. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìparí lọ́wọ́ wọn, nítorí lọ́yà yóò bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ilé. Ẹ má sì san gbogbo owó tán fún mọlémọlé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń háyà ilé, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó kan ìṣó ńlá.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nìyí, kò kàn wá." Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa yìí. Ayàwòrán ilé kan wà tó ń jẹ́ Walter Segal. Àlejò ni, bí àwa náà. Ọdún 1907 ni wọ́n bí i, Júù ará Romania ni àwọn òbí rẹ̀, ó sì dé sí London ní ọdún 1936. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tó fẹ́ tún ilé rẹ̀ kọ́ ní Highgate, ó fi pákó kọ́ ilé kékeré kan sẹ́yìn ọgbà kí ìdílé rẹ̀ lè ríbi sùn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ ọ, owó rẹ̀ sì tó bí £800.

Láti ibẹ̀ ló ti rí ọ̀nà tí ẹni tí kì í ṣe káfíńtà lè fi kọ́ ilé. Òpó àti igi ìdábùú ló ń gbé òrùlé, ògiri kò gbé nǹkan kan. Nítorí náà, bí ọmọ bá pọ̀ sí i, a lè ṣí ògiri nípò. Ó ń wọn ilé náà kí ó bá pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà mu, kí gígé má bàa pọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, káńsù Lewisham gbà láti fún àwọn tó wà lórí ìwé tí wọ́n ń dúró de ilé ní àwọn ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí káńsù fúnra rẹ̀ kò rí lò. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí, lọ́kùnrin lóbìnrin, fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé. Segal Close wà níbí ní Forest Hill. Walters Way, tó ní ilé 13, wà ní Honor Oak Park. Ọdún 1987 ni wọ́n parí rẹ̀, ọdún méjì lẹ́yìn tí bàbá náà kú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé náà ti fi yàrá kún un láti ìgbà náà, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ayàwòrán ti ro ọjọ́ iwájú mọ́ ọn. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ènìyàn dúdú bíi tiwa tẹ̀lé ọ̀nà kan náà, wọ́n kọ́ Nubia Way ní Downham.

Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹ rí i pé ọ̀wẹ̀ nìyí? Nílé, bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ ilé, yóò bẹ ẹbí àti ọ̀rẹ́ lọ́wẹ̀, yóò se oúnjẹ, wọ́n á sì jọ po amọ̀. Wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Kò sí ẹni tó ń kánjú.

Ẹ̀yin ọmọ wa, iṣẹ́ kan wà fún yín. Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ mú téèpù ìwọnlẹ̀, kí ẹ wọn yàrá kan. Ẹ yà á sórí bébà, kí ẹ sàmì sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, kí ẹ sì kọ ibi tí oòrùn ń dé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi Màmá Àgbà tàbí Bàbá Àgbà pé báwo ni ilé tí wọ́n dàgbà sí ṣe rí, kí ẹ ya ìyẹn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ tèmi tó béèrè nípa alẹ́ rí ohun tí èmi tí mo sanwó kò rí. Bí ọmọ bá béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nílé yín, ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí i kí ẹ tó pe mọlémọlé.

Ilé tí a bá kọ́, ọmọ wa ni kó bá wa gbé e.