Ìtọ́jú Tó Bá Ara Òṣìṣẹ́ Mu
Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré



Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ awakọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tí egungun ti so, síbẹ̀ tí kò lè tẹ bíréèkì mọ́. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní kó máa na ẹsẹ̀, kó máa ká a. Ó ṣe é lọ́sẹ̀ kan, ó jáwọ́. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni. A kò gbà. Ta ló bi í pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe, àtẹ̀gùn mélòó ló wà nílé rẹ, ṣé ṣáláńgá tí à ń lóṣòó sí lo ní?

Ọgbọ́n tí a mú wá lónìí kò le. Kí a kọ́kọ́ wo aláìsàn níbi tó ń gbé àti níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Kí a fi pákó tàbí ohun tí kò wọ́n ṣe àpẹẹrẹ, kó lò ó wò, kí a tún un ṣe títí yóò fi bá a lára mu. Ṣé aránṣọ kì í wọn ni kó tó gé aṣọ?

Ní Jaipur, ní Íńdíà, ní nǹkan bí 1968, dókítà P. K. Sethi àti oníṣẹ́ ọnà Ram Chandra Sharma ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tuntun. Èyí tó ń ti òkè òkun wá kò ṣe é lò láìsí bàtà, kò sì jẹ́ kí èèyàn lóṣòó. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń rìn lóko, ilẹ̀ ni wọ́n sì ń jókòó sí. Rọ́bà tí wọ́n fi iná sè bíi ti táyà ni àwọn méjèèjì lò: ó ń tẹ̀, ó sì ń wọ ẹrẹ̀. Sharma kò kàwé púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló mọṣẹ́. Ẹ̀yin tí ń lẹ táyà, ṣé ẹ gbọ́?

Nílẹ̀ wa, nítorí àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe dá ibùdó Ìgbóbì sílẹ̀ ní Èkó, tó di ilé ìwòsàn ní 1945. Oníṣẹ́ ọwọ́ kò sì wọ́n wa lágbègbè yìí: Ọlọ́wẹ̀ tó gbẹ́ òpó ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, ará Ìsẹ̀ ni. Káfíńtà àti wẹ́dà wa lè ṣe ọ̀pá ìdìmú tí aláìsàn fi ń kọ́ ìrìn, bí àwọn oníṣègùn bá fún wọn ní ìwọ̀n.

Owó ńkọ́? Nínú òfin 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó sápò NSITF, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó oṣù wa. Ìtọ́jú tí yóò mú èèyàn padà sẹ́nu iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fara pa, kó sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Ọjọ́ 7 ni agbanisíṣẹ́ ní láti fi tó NSITF létí. Bí wọ́n bá ń fi falẹ̀, ẹ tètè wá bá akọ̀wé ẹ̀ka.