Katakata Láìní Ẹ̀yà, Ọkọ́ Láìní Ẹ̀rúkọ́

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́ bá àwọn àgbẹ̀ sọ)

 

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ gbé katakata 2,000 tí a kó láti ilẹ̀ Bẹ̀lárùs jáde ní Àbújá. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí bẹ́líìtì kan bá já nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, níbo ni àgbẹ̀ yóò ti rí òmíràn rà? Òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Katakata tí kò lè ṣiṣẹ́, igbó ni yóò bò ó.

Nítorí náà ni a ṣe ń béèrè pé kí a kọ́ ilé ìkó-ẹ̀yà-katakata-sí sí ìtòsí oko. Ilé náà yóò gba akọ̀wé tí ń ka ọjà, awakọ̀ tí ń gbé e lọ, alágbàrù, ọlọ́dẹ, àti mẹkáníìkì tí yóò kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́. Èyí tí ó pọ̀ jù sì ń bẹ lóko: àwọn tí ń wa katakata kò ní jókòó lásán mọ́, àwọn tí ń gbìn àti àwọn tí ń kórè yóò sì rí ilẹ̀ tí a ti tú.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ iṣẹ́ yìí di ẹ̀bùn ẹgbẹ́ kankan, tiwa pẹ̀lú. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni kí a gbà. Kí a sì kọ iye owó ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sára ògiri, kí tolówó tòtòṣì lè kà á.

Ẹ bá aṣojú yín sọ ọ́ kí òjò tó dé. Ire o.