Ìkòkò Méjì Tó Gba Ẹ̀bùn

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé

 

Gbogbo àwa tí à ń ta tòmátò, ata àti ẹ̀fọ́ la mọ ohun tó ń dùn wá jù. Èyí tó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì ti ń rọ̀. Tó bá di ọjọ́ kẹta, gbàǹjo ni. Owó àjọ tí a fi ra apẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ó ti bá omi tòmátò lọ.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn kan lónìí. Ní ọdún 2000, ilé iṣẹ́ Rolex tó ń ṣe aago ọwọ́ ní Switzerland fún ọmọ Nàìjíríà kan ní ẹ̀bùn nítorí ọgbọ́n tó dá tó wúlò fún aráàlú. Mohammed Bah Abba lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní ìpínlẹ̀ Jigawa. Ó ti di olóògbé báyìí. Kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá ló ṣe o. Ìkòkò amọ̀ ni! Ìdílé amọ̀kòkò ló ti wá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á gbé ìkòkò kékeré sínú ńlá, wọ́n á da yanrìn sáàárín méjèèjì, wọ́n á bu omi rin yanrìn náà. Wọ́n á kó ọjà sínú ti kékeré, wọ́n á fi aṣọ tútù bò ó. Bí omi ṣe ń gbẹ lára ìkòkò ìta, bẹ́ẹ̀ ló ń kó ooru jáde nínú. Kò sí iná, kò sí jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó dán an wò, ikàn tó máa ń bàjẹ́ ní ọjọ́ 3 lo ọjọ́ 27. Tòmátò àti ata lo bí ọ̀sẹ̀ 3.

Ṣé èyí ṣàjèjì sí wa? Àmù àwọn ìyá wa ńkọ́, tó ń mú omi tutù lọ́sàn-án gangan? Ọgbọ́n kan náà ni. Òun ló rò ó pé ohun tó ń mú omi tutù lè gba ọjà là. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fún un lẹ́bùn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ilẹ̀ Jigawa gbẹ. Níbi tiwa, lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ tutù, omi kì í yára gbẹ, ìkòkò náà kò ní ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ló dára jù, lábẹ́ ìbòòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin aláta àti ẹlẹ́fọ̀ọ́: bí ọyẹ́ bá dé, ẹ dán an wò. Ẹ ka iye ọjọ́, ẹ wá sọ fún wa ní ìpàdé. Ẹni tó bá sì ní ọgbọ́n tirẹ̀ tó fi ń tọ́jú ọjà, kó má fi pamọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ọjà ò ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ o. Àṣẹ!