Nígbà Tí Ọmọ Bá Pé

Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ibi ìsọmọlórúkọ ni a ti sábà máa ń pàdé. Ní báyìí, owó iléèwé ló kù tí à ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti bímọ tó, síbẹ̀ ìyàwó nìkan ló ṣì ń gba abẹ́rẹ́, tó ń gbé oògùn oníhóró mì, kódà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ̀ ọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn tọkọtaya kan fi ń yan ìfètòsọ́mọbíbí àṣeparí. Ti obìnrin, wọ́n á dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sílé ọmọ, tàbí kí wọ́n gé e. Ti ọkùnrin, wọ́n á gé ọ̀nà tín-ín-rín tí ohun tó ń di ọmọ nínú àtọ̀ ń gbà kọjá. Tiwa ló rọrùn jù: wọn kì í la ikùn, kì í sábà ju iṣẹ́jú 30 lọ, èèyàn á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Wọn kò tẹ ẹnikẹ́ni lọ́dàá o! Agbára ọkùnrin wà níbẹ̀ digbí. Ṣùgbọ́n ó ń tó nǹkan bí oṣù 3, àti àyẹ̀wò àtọ̀, kí a tó lè gbọ́kàn lé e.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé àwọn yóò yàgàn bí àwọn bá tún ayé wá. Èyí tó ká àwa lára ni pé ikú lè mú ọmọ tàbí aya lọ, dídá iṣẹ́ náà padà sì ṣòro. Iṣẹ́ báńkì ti jẹ́ ká mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àfìkánjú buwọ́ lù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń ṣe méjì, kó dúró ná.

Ẹni tó bá sì ti pinnu, kí òun àti aya rẹ̀ jọ wọlé bá dókítà. Kí bàbá má jókòó sínú mọ́tò.