ILÉ NI À Ń WÒ KÍ A TÓ SỌ ỌMỌ LÓRÚKỌ

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú, ní Ẹ̀rìn-Ilé)

 

Nígbà tí Akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè kó orúkọ gbogbo ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé sínú ìwé kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí, nítorí pé olùkọ́ ni mí, èmi kì í ṣe oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo rí i pé òwe àwọn baba wa ni ó wà nídìí rẹ̀: ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ẹ wo bí ìlú ti rí. Inú ìlú ni agbo ilé wà. Inú agbo ilé ni ojúlé wà. Inú ojúlé ni ènìyàn wà. Ọ̀kan ń bẹ nínú èkejì, bí igbá kékeré ti í wà nínú igbá ńlá. Bí ó bá ṣe ènìyàn mẹ́wàá ni, a lè fi ọwọ́ tẹ orúkọ wọn sínú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àfi kí a kọ àṣẹ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, kí òun fúnra rẹ̀ máa ka ìwé orúkọ náà, kí ó máa dá agbo ilé, ojúlé àti ènìyàn sílẹ̀, kí ó sì fi olúkúlùkù sí àyè rẹ̀.

Ẹni tí yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ lásán. Àwọn kan ti gbé òpó àti àjà kalẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti oníkálukú ni kí ó mọ ògiri tirẹ̀ sí i. Èyí tí àwa lò ni à ń pè ní Django, tí a fi èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Python kọ. Adrian Holovaty àti Simon Willison ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2003, ní ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Lawrence Journal-World ní Kansas, ní Amẹ́ríkà. Ní 2005 ni wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, àwọn tí ń lò ó ní Áfíríkà ṣe ìpàdé ńlá ní Zanzibar. Ọ̀nà náà kò jìnnà sí wa mọ́.

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí a mú lọ sílé.

Èkínní ni ètò. A gbọ́dọ̀ dá agbo ilé sílẹ̀, kí a sì fi í pamọ́, kí a tó dá ojúlé inú rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ìgbà tí a bá fi agbo ilé pamọ́ ni àká ìwé tó fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni ojúlé yóò gbé dání láti fi hàn ibi tí ó ti wá. Bí a bá fẹ́ fi ọmọ pamọ́ nígbà tí bàbá kò tí ì ní nọ́ńbà, Django yóò kọ̀ ọ́.

Èkejì ni ìṣọ̀kan. Ní ọdún tí ó kọjá, èmi àti àwọn ọmọ mi dán iṣẹ́ náà wò pẹ̀lú ìwé owó ẹgbẹ́ agbo ilé kan. Iṣẹ́ dé ìdajì, iná lọ. Nígbà tí iná dé, a tún pa àṣẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó ti wọlé tẹ́lẹ̀ sì tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Báyìí ni orúkọ ìyá àgbà kan ṣe di méjì: ọ̀kan ti san owó, èkejì jẹ gbèsè. Ìyá náà mú rìsíìtì rẹ̀ wá, ó wò mí, ó ní, “Tíṣà, ṣé èmi méjì ni ìyá mi bí ni?” Ojú tì mí gidigidi, nítorí pé ẹ̀bi mi ni.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé, bí a kò bá sọ fún Django, ojú ẹsẹ̀ ni ó ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pamọ́. Ṣùgbọ́n àṣẹ kan wà tí ń jẹ́ transaction.atomic, tí ó ń di gbogbo iṣẹ́ náà pọ̀ bí òṣùṣù ọwọ̀: bí gbogbo rẹ̀ kò bá wọlé tán, ẹyọ kan kò ní wọlé. Àṣẹ mìíràn, get_or_create, a máa kọ́kọ́ wò bóyá ohun náà ti wà, kí ó tó dá a sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni orúkọ fúnra rẹ̀. Ẹnì kan lè tẹ ọ kí ó tó fi àmì ohùn lé e lórí. Ẹlòmíràn lè tẹ ó kí ó tó fi àmì sí i nídìí. Lójú tiwa, ọ́ kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, yóò sì sọ agbo ilé kan di méjì. Python ní àṣẹ unicodedata.normalize tí ń sọ wọ́n di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan kò bá fi àmì sí i rárá, kò sí àṣẹ tí ó mọ ohun tí ó ní lọ́kàn. Àgbà ilé nìkan ni ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹrin ni píparẹ́. Láti 2017 ni Django ti sọ ọ́ di dandan kí ẹni tí ń kọ àṣẹ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ bí a bá pa bàbá rẹ́. Bí ó bá kọ CASCADE, ìgbà tí a bá pa agbo ilé rẹ́, gbogbo ojúlé àti gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ yóò bá a lọ. Bí ó bá kọ PROTECT, a kò ní lè pa agbo ilé rẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹni yòówù tí Ẹgbẹ́ bá gbé iṣẹ́ yìí fún, kí ó lo PROTECT. Kò yẹ kí àṣìṣe ìka kan ṣoṣo pa ìdílé kan rẹ́ nínú ìwé ìlú.

Ẹ̀yin ará mi, kọ̀ǹpútà kò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Ètò tí a bá fún un ni yóò tẹ̀ lé. Nítorí náà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí baálé kọ̀ọ̀kan jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ilé rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ agbo ilé àti ti ojúlé pẹ̀lú àmì tí ó tọ́, kí wọ́n sì kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, tí ẹ mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ bá wa kọ àwọn àṣẹ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ àwọn àgbà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá wo ilé dáadáa, orúkọ ọmọ kò ní ṣì, ìyá àgbà kankan kò sì ní jẹ gbèsè tí ó ti san.

Kí Ọlọ́run bùkún Ẹ̀rìn-Ilé, kí Ó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa pé padà ní ọdún tí ń bọ̀.