Ta Ló Ni Ilẹ̀ Tí Ẹ Fẹ́ Rà?

Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ l'Ékòó sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè iye owó. Lójú tèmi, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ín. Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí náà rìsíìtì tí ẹbí tó ta ilẹ̀ kọ nìkan kò tó. Ilẹ̀ tó ti ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, pàápàá, ìfọwọ́sí gómìnà ló ń sọ ọ́ di ti ẹni tó rà á. Ilé ẹjọ́ sì ti là á mọ́lẹ̀ pé bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí àṣẹ olórí ẹbí, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi lọ àwọn àgbà ìdílé yòókù, adájọ́ lè fagi lé e.

Àwọn kan á ní owó àyẹ̀wò ilẹ̀ àti ìwé rẹ̀ pọ̀, pé kí a tó parí rẹ̀, ẹlòmíràn á ti rà á. Òótọ́ ni, owó náà máa ń dunni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà fún iṣẹ́ ìlú kò ní di tiyín nítorí pé ẹ tètè sanwó. Ẹ jẹ́ kí sọ́fẹ́yọ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà, kó yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀ Èkó, kí lọ́yà sì yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ìjọba ní Alausa. Bó bá jẹ́ ará ìjọ yín ló ń tà á pàápàá, ẹ ṣe àyẹ̀wò náà. Òun fúnra rẹ̀ lè má mọ̀ pé ilẹ̀ náà ní ẹjọ́ lẹ́yìn. Bí owó bá kéré, hááfù pulọ́ọ̀tì tí ìwé rẹ̀ mọ́ ni kí ẹ rà.