Ọmọ Karu àti Alágbàtọ́

Ní Karu, l'Abùjá níbí, ilé tí wọ́n ń pè ní Abuja Children's Home ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí. Oúnjẹ àti ibùsùn ṣe pàtàkì, àmọ́ ìkókó nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jí sunkún lóru, ó yẹ kó mọ ohùn ẹni tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ilé tí olùtọ́jú ti ń pààrọ̀ láàárọ̀ lálẹ́ kò lè fún un ní irú ohùn bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí kan jẹ́rìí sí i. Lọ́dún 2000, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ọmọ 136 láwọn ilé ìtọ́jú ní Bucharest, olú-ìlú Romania. Wọ́n fa ìdajì wọn lé alágbàtọ́ lọ́wọ́, ìyẹn àwọn tó ń gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ nínú ilé tiwọn. Ọpọlọ àwọn wọ̀nyí jí pépé ju ti àwọn tó kù lọ, pàápàá àwọn tó kúrò nílé ìtọ́jú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì.

Lọ́dọ̀ tiwa, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003, tó múlẹ̀ l'Abùjá, fàyè gba alágbàtọ́. Kí ìjọba wá náwó lé e, kí òṣìṣẹ́ sì máa bẹ àwọn ọmọ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lágbára láti gba ọmọ tọ́, ẹ lọ béèrè bó ṣe ń lọ ní ọ́fíìsì wẹ́fíà.